Ọkọ̀ Waverley: bí ooru omi ṣe ń yí kẹ̀kẹ́ alájẹ̀, àti ìdí tí bọ́ílà fi ń kú kí ẹ́ńjìnnì tó kú

Èéfín kọ́ ló ń ti ọkọ̀ Waverley lọ. Ibẹ̀ ló yẹ ká ti mú ọ̀rọ̀ náà, torí ohun tí ojú kọ́kọ́ ń rí nígbà tí ọkọ̀ náà bá ń bọ̀ lórí odò Clyde ní ilẹ̀ Scotland ni ọ̀pá èéfín rẹ̀ méjì, pupa nísàlẹ̀, funfun láàárín, dúdú lókè. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló gbà pé èéfín tó ń rú lẹ́nu wọn ni agbára ọkọ̀. Rárá o. Ohun tí iná jẹ ṣẹ́kù ni èéfín. Agbára gan-an wà nínú ooru omi, irú èyí tó ń gbé ọmọrí ìkòkò sókè nígbà tí omi àmàlà bá hó. Lítà omi kan ṣoṣo, bó bá hó di ooru ní gbangba, á gba àyè tó tó lítà 1,600. Bí a bá wá há a mọ́ inú bọ́ílà, ìyẹn àgbá irin tí wọ́n ti ń se omi, tí kò jẹ́ kó rí àyè yẹn gbà, ńṣe ni yóò máa ti gbogbo ohun tó bá kàn. Gbogbo ọgbọ́n ọkọ̀ eléèéfín ò ju pé kí ooru náà máa rí àyè gbà díẹ̀díẹ̀, níbi tí títì rẹ̀ á ti wúlò.

Ọkọ̀ méjì ni àwọn èèyàn sì máa ń dà pọ̀ lórí orúkọ yìí. Waverley kan wà tí wọ́n kàn ní 1899. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, wọ́n sọ ọ́ di ọkọ̀ tó ń ṣa bọ́ǹbù inú òkun, ó sì rì ní 29 May 1940 nígbà tó lọ kó àwọn sójà kúrò ní Dunkirk. Èyí tó ṣì ń rìn lónìí ni wọ́n kàn láti rọ́pò rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ A. & J. Inglis ní Pointhouse, Glasgow, ló kàn án. Wọ́n tì í sínú omi ní 2 October 1946, ó sì gbé èrò fún ìgbà àkọ́kọ́ ní 16 June 1947. Ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin kan, LNER, ló ni ín, èyí tó máa ń ru àwọn èèyàn lójú: kí ló kan rélùwéè nínú ọkọ̀ ojú omi? Bí ilẹ̀ ibẹ̀ ṣe rí ló fà á. Lẹ́yìn Glasgow, odò Clyde á fẹ̀, á di òkun, ọ̀sà tóóró tóóró á sì wọ àárín àwọn òkè níhìn-ín lọ́hùn-ún. Ojú irin kò lè rọrùn kọjá gbogbo wọn. Nítorí náà, rélùwéè á gbé èrò dé etí omi ní Craigendoran, èrò á sọ̀ kalẹ̀, á rìn ìwọ̀nba ìṣísẹ̀ wọnú ọkọ̀, ọkọ̀ á sì gbé e lọ sí Lochgoilhead tàbí Arrochar. Ìrìnàjò kan náà ni, ilẹ̀ ló dá a sí méjì.

Lẹ́tà tí wọ́n ń kọ ṣíwájú orúkọ ọkọ̀ náà ní ìtumọ̀. PS ni ọkọ̀ eléèéfín tó ń fi kẹ̀kẹ́ alájẹ̀ rìn, bíi Waverley. TS ń lo tọ́báìnì, ẹ̀rọ tí ooru ń fẹ́ yí bíi fáànù, irú rẹ̀ ni King Edward ti 1901, ọkọ̀ èrò àkọ́kọ́ lágbàáyé tó fi tọ́báìnì ṣòwò, orí Clyde yìí náà ló sì ti ń ṣiṣẹ́. SS ni ọkọ̀ eléèéfín tó ń fi pọ̀rọ̀pẹ́là abẹ́ omi rìn. MV ti kúrò ní eléèéfín, ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì ló wà nínú rẹ̀.

Omi tí bọ́ílà ń mu

Ọkọ̀ wà lórí òkun, àmọ́ kò gbọ́dọ̀ se omi òkun. Bí omi òkun bá hó tán, iyọ̀ inú rẹ̀ á ṣẹ́ kù, á dì mọ́ irin bíi òkúta funfun tó ń lẹ̀ mọ́ ìdí kẹ́tùrù. Òkúta yẹn kì í jẹ́ kí iná rí ọ̀nà wọnú omi. Irin tí omi yẹ kó máa tù lára á wá gbóná kọjá ààlà, á rọ̀, ipá ooru á sì tẹ̀ ẹ́ wọlé bí ìgbà tí ọwọ́ bá tẹ agolo. Nítorí náà, omi aláìníyọ̀ ni Waverley ń lò, kì í sì í fẹ́ pàdánù rẹ̀. Ooru tó bá ti ṣiṣẹ́ tán nínú ẹ́ńjìnnì á bọ́ sínú àpótí irin kan tí ọ̀pọ̀lọpọ̀ páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ kún inú rẹ̀. Omi òkun tútù ń gba inú àwọn páìpù náà kọjá, ooru ń kan ẹ̀yìn wọn, ó sì ń padà di omi. Omi òkun àti omi bọ́ílà kò fara kan ara wọn. Pọ́ńpù á wá dá omi tó padà náà sínú bọ́ílà, a ó tún sè é.

Àpótí yìí ń ṣe iṣẹ́ kejì tí àwọn èèyàn kì í kà sí. Nígbà tí ooru tó gba àyè lítà 1,600 bá ṣàdédé di lítà kan, àyè tó fi sílẹ̀ á ṣófo, àní afẹ́fẹ́ pàápàá kò ní fẹ́rẹ̀ẹ́ sí níbẹ̀. Òfìfo yẹn ń fa ẹ́ńjìnnì láti apá kejì bí ooru ṣe ń tì í láti apá kìíní. Bí afẹ́fẹ́ bá ń jò wọlé níbì kan, agbára ọkọ̀ á dín kù, bẹ́ẹ̀ bọ́ílà kò ṣàìsàn kankan. Ibi tí ẹnjiníà tó mọṣẹ́ máa kọ́kọ́ wò nìyẹn nígbà tí ọkọ̀ bá ń falẹ̀.

Ọ̀tá omi bọ́ílà pọ̀ ju iyọ̀ lọ. Òróró tí wọ́n fi ń pa inú ẹ́ńjìnnì máa ń tẹ̀ lé ooru wọnú omi tó ń padà, wọ́n sì gbọ́dọ̀ sẹ́ ẹ kúrò, torí òróró fẹ́lẹ́ bíi awọ ẹyin lára irin ibi iná lè ṣe ohun tí òkúta funfun ń ṣe. Afẹ́fẹ́ tó yọ́ sínú omi náà ń jẹ irin ní ihò wẹ́wẹ́. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń yẹ omi bọ́ílà wò lójoojúmọ́, tí wọ́n sì ń da oògùn sí i, bí ẹni ń tọ́jú àtọ̀gbẹ.

Ooru kan, iṣẹ́ mẹ́ta

Rankin & Blackmore ní ìlú Greenock ló ṣe ẹ́ńjìnnì Waverley, agbára ẹṣin 2,100. Sílíńdà mẹ́ta, ìyẹn àgbá irin tí ooru ti ń ṣiṣẹ́, ló ní, wọn kò sì tóbi bákan náà: ti àkọ́kọ́ fẹ̀ ní ínṣì 24, ti kejì 39, ti kẹta 62. Ẹni tí kò ga púpọ̀ lè nà gbalaja sínú ẹ̀kẹta. Písítìnì wọn, ìyẹn irin inú sílíńdà tí ooru ń tì, ń rìn ní ínṣì 66 ní àlọ, 66 ní àbọ̀.

Kí ló dé tí wọn ò fi dọ́gba? Ooru tó ń ti bọ́ílà bọ̀ le gan-an. Àyè kékeré ló ń fẹ́, torí náà sílíńdà tó kéré jù ló ń kọ́kọ́ gbà á. Ó ti písítìnì ibẹ̀ tán, ipá rẹ̀ dín kù, àmọ́ kò tíì tán. Wọ́n á jẹ́ kó bọ́ sí sílíńdà kejì. Níwọ̀n bí kò ti le bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́, ojú písítìnì tó ń tì gbọ́dọ̀ fẹ̀ sí i kí iṣẹ́ má bàa dín kù. Ẹ̀kẹta ló fẹ̀ jù, torí pé ooru tó rọ̀ jù ló ń dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, òfìfo inú àpótí ìtutù sì ń ràn án lọ́wọ́. Bí ẹni fún ọsàn lẹ́ẹ̀mẹta ni. Ká ní sílíńdà kan ṣoṣo ni, púpọ̀ nínú agbára yẹn ni ọkọ̀ ì bá dà nù, epo tí ì bá jó á sì pọ̀ ju èyí tí owó tíkẹ́ẹ̀tì lè san lọ.

Wọ́n dá ẹ́ńjìnnì náà dùbúlẹ̀ ní ìdàgẹ̀rẹ̀. Bí wọ́n bá gbé e nàró, orí rẹ̀ á yọ sókè gan-an lórí ọkọ̀ tí kò jìn nínú omi. Waverley gùn tó nǹkan bíi ẹsẹ̀ bàtà 240, àmọ́ kò wọ inú omi ju nǹkan bíi ẹsẹ̀ bàtà 6 lọ, kó lè dé àwọn èbúté kéékèèké tí omi wọn kò jìn.

Kí ẹ́ńjìnnì tó yí láàárọ̀, wọ́n gbọ́dọ̀ mú un gbóná. Ooru tó bá wọ irin tútù á di omi lójú ẹsẹ̀, omi kò sì ṣeé fún pọ̀ bí ooru. Ife omi kan péré láàárín písítìnì àti ìdérí sílíńdà tó láti fọ́ ìdérí náà. Nítorí náà wọ́n á ṣí àwọn ẹnu kéékèèké tó wà nísàlẹ̀ sílíńdà, omi á máa tú jáde, ooru á máa wọlé pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, wọ́n á sì máa yí ẹ́ńjìnnì síwájú díẹ̀, sẹ́yìn díẹ̀, nígbà tí okùn ṣì so ọkọ̀ mọ́ èbúté. Ohun tí èrò ń rí tí kẹ̀kẹ́ fi ń da omi rú láàárọ̀, tí ọkọ̀ kò sì tíì lọ, nìyẹn.

Ìṣòro mìíràn wà tí ẹni tó bá ti gun kẹ̀kẹ́ ológeere rí máa mọ̀. Bí pẹ́dàlì bá dúró ní òkè gbọnrangandan, bó ti wù kó o tẹ̀ ẹ́ tó, kò ní yí. Kíráńkì ẹ́ńjìnnì, ìyẹn apá irin tó ń sọ lílọ bíbọ̀ písítìnì di yíyí, náà lè dúró bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ṣe fáàfù àkànṣe kan tí ẹnjiníà lè fi rán ooru líle tààrà sí sílíńdà tó tẹ̀ lé ti àkọ́kọ́, kíráńkì tiẹ̀ kò sí lórí ìlà kan náà, òun ló máa fa ìyókù kúrò níbẹ̀. Ẹnjiníà gbọ́dọ̀ mọ èyí sára, torí ìgbà tí ó máa ń ṣẹlẹ̀ ni ìgbà tí ọkọ̀ bá ti fẹ́ kan èbúté tí ọ̀gá ọkọ̀ sì ń béèrè fún ẹ̀yìn.

Ohun tó wù wá jù lára ọkọ̀ yìí ni pé gbogbo rẹ̀ hàn. Ẹ́ńjìnnì wà láàárín ọkọ̀, ọ̀nà tí èrò ń gbà kọjá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lọ́tùn-ún lósì, irin dídán gìrìwò mẹ́ta ń jù lọ jù bọ̀ níwájú ojú yín, òórùn òróró gbígbóná ń rú sókè. Ẹ wo ẹni tó di agolo òróró mú. Bí kíráńkì bá ti ń yí dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, á na ọwọ́, á fi àtẹ́lẹwọ́ kan orí irin náà fẹ́ẹ́rẹ́, á fà á padà kí irin tó tún lọ. Kì í ṣe eré. Ó ń gbọ́ bí bẹ́árìnì, ìyẹn ibi tí irin tó ń yí jókòó sí, ṣe gbóná tó ni. Irin funfun rírọ̀ ni wọ́n yọ́ sínú bẹ́árìnì yẹn. Bí òróró bá tán, á yọ́. Ọwọ́ èèyàn ń mọ̀ ọ́n kí èéfín tó yọ níbẹ̀.

Kẹ̀kẹ́ alájẹ̀

Kẹ̀kẹ́ méjì ló wà, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, àjẹ̀ pákó 8 sì wà lára ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó mọ ọkọ̀ wà mọ̀ pé àjẹ̀ gbọ́dọ̀ wọ omi ní òòró, kó ti omi sẹ́yìn, kó sì tún jáde ní òòró. Bó bá fi pẹrẹsẹ rẹ̀ gbá omi, agbára ti ṣòfò nìyẹn. Bó bá jáde lọ́nà òdì, ńṣe ló ń gbé omi sókè. Ká ní wọ́n kan àjẹ̀ mọ́ kẹ̀kẹ́ gírígírí, méjèèjì ló máa ṣe. Nítorí náà, àjẹ̀ kọ̀ọ̀kan lára Waverley ní ìdè tó fi ń yí lórí ara rẹ̀. Ọ̀pá irin kọ̀ọ̀kan so wọ́n mọ́ òrùka kan tí àárín rẹ̀ kò bá àárín kẹ̀kẹ́ mu, ó yẹ̀ síwájú díẹ̀. Yíyẹ̀ yẹn ló ń jẹ́ kí àwọn ọ̀pá máa fa àjẹ̀ ní òòró nígbà tó bá wà nínú omi. Bí igi ńlá kan tàbí okùn bá há síbẹ̀, ọ̀pá á tẹ̀, àjẹ̀ á ṣẹ́, àjẹ̀ tó bá ṣẹ́ sì lè lu ìyókù. Wọ́n ní láti dá ẹ́ńjìnnì dúró, kí ẹnì kan wọ inú ilé kẹ̀kẹ́ lọ tú u pẹ̀lú sípánà.

Irú ọkọ̀ alájẹ̀ bẹ́ẹ̀ kò ṣàjèjì sí odò tiwa. Greenock tí wọ́n ti ṣe ẹ́ńjìnnì Waverley ni wọ́n bí Macgregor Laird sí, ẹni tó wà lára àwọn tó mú ọkọ̀ Quorra àti Alburkah wọ odò Ọya ní 1832. Ọkọ̀ alájẹ̀ ni Soudan náà, tó gbé Samuel Àjàyí Crowther gòkè Ọya ní 1841.

Ohun tó ń mú kí Waverley ṣòro darí ni pé ọ̀pá irin kan ṣoṣo ló so kẹ̀kẹ́ méjèèjì pọ̀. Ọ̀pọ̀ ń rò pé ọ̀gá ọkọ̀ lè yí ọ̀kan síwájú, kó yí èkejì sẹ́yìn, kí ọkọ̀ pòyì. Kò ṣeé ṣe. Bí ọ̀kan bá lọ síwájú, èkejì ń bá a lọ. Ìtọ́kọ̀ nìkan ló kù, ìdí ọkọ̀ ló sì wà. Lára ọkọ̀ onípọ̀rọ̀pẹ́là, omi tí pọ̀rọ̀pẹ́là ń tì ń lu ìtọ́kọ̀ tààrà. Ti Waverley, kẹ̀kẹ́ ń ti omi lọ ní ẹ̀gbẹ́, ìtọ́kọ̀ kò rí ìpín gidi nínú rẹ̀. Bí ọkọ̀ bá ti falẹ̀, ìtọ́kọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ má wúlò, afẹ́fẹ́ á sì máa gbá ara ọkọ̀ tó ga.

Nítorí náà, ó máa ń wá sí èbúté kíákíá ju bí ojú ṣe rò pé ó yẹ lọ. Ọ̀gá ọkọ̀ á fa ọwọ́ irinṣẹ́ bàbà kan tó ń rán àṣẹ lọ sísàlẹ̀. Agogo á dún lọ́dọ̀ ẹnjiníà tí kò rí èbúté rárá, òun náà á fa ọwọ́ tiẹ̀ láti dáhùn. Ìdajì, pẹ̀lẹ́, dúró, ẹ̀yìn. Àjẹ̀ ńláńlá yẹn ń gé omi dáadáa, ọkọ̀ á sì dúró ní ìwọ̀nba àyè. Wọ́n á ju okùn tẹ́ẹ́rẹ́ tó ní kókó wúwo lórí sí èbúté, wọ́n á fi í fa okùn ńlá, wọ́n á fi ojóbó rẹ̀ kọ́ òpó irin. Okùn kan láti iwájú ọkọ̀ ń lọ sí apá ẹ̀yìn. Bí ọkọ̀ bá ń fà á díẹ̀díẹ̀ síwájú, okùn náà ló máa fa ara rẹ̀ mọ́ èbúté. Bí àṣẹ tàbí ẹ́ńjìnnì bá pẹ́ ní ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, ọkọ̀ á kọlu òkúta. Ní 3 September 2020, iwájú rẹ̀ kọlu èbúté Brodick ní erékùṣù Arran, àwọn èèyàn sì fara pa.

Bọ́ílà

Ẹ́ńjìnnì 1947 ló ṣì wà nínú rẹ̀. Bọ́ílà kọ́. Ẹ́ńjìnnì náà kì í yí tó 60 ní ìṣẹ́jú kan, nígbà tí ti mọ́tò ń yí ní 2,000 sí 3,000. Ohun tó bá jẹ lára rẹ̀, bíi bẹ́árìnì, ṣeé yọ́ tuntun sí. Ṣùgbọ́n bọ́ílà ń wú nígbà tó bá gbóná, ó ń sún kì nígbà tó bá tutù, omi ń jẹ ẹ́ ní inú, iná ń jẹ ẹ́ ní ẹ̀yìn. Irin tí ẹ bá tẹ̀ lọ tẹ̀ bọ̀ á ṣẹ́ lọ́jọ́ kan.

Bọ́ílà àkọ́kọ́ jẹ́ àgbá ràgàjì tí ojú ààrò wà ní orí àti ní ìdí, èédú ni wọ́n ń fi ṣọ́bìrì kó sí i. Wọ́n yí i sí epo ní 1957. Wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ ní 1981. Ní 2000, bọ́ílà méjì tó kéré ló rọ́pò rẹ̀. Ní 2019 àwọn yẹn náà ti kọṣẹ́, ọkọ̀ náà kò sì rìn rárá ní ọdún yẹn. Wọ́n bẹ aráàlú fún mílíọ̀nù 2.3 pọ́n-ùn, owó náà wọlé, wọ́n yọ ọ̀pá èéfín kúrò ní Greenock kí kéréènì lè gbé bọ́ílà àtijọ́ jáde, kó gbé tuntun wọlé, ọkọ̀ sì padà sẹ́nu iṣẹ́ ní August 2020.

Ẹ máa gbọ́ pé pọ́n-ùn kan péré ni wọ́n ta Waverley. Òótọ́ ni. Láti 1954 ni ọkọ̀ tó ń gbé mọ́tò ti ń gba èrò mọ́ ọn lọ́wọ́, àwọn èèyàn Glasgow sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi bàálù lọ lo ìsinmi wọn lókè òkun. Caledonian MacBrayne, ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi tó ni ín nígbà náà, dá a dúró lẹ́yìn ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn 1973, wọ́n sì tà á ní pọ́n-ùn 1 ní 1974 fún ẹgbẹ́ tó ń dáàbò bo ọkọ̀ alájẹ̀. Ní 22 May 1975 ó tún gbé èrò. Owó rírà ọkọ̀ kì í ṣe ìṣòro rí. Epo, dọ́ọ̀kì, ìwé àṣẹ àti bọ́ílà ló ń jẹ owó. Ní July 1977 ó gun àpáta Gantocks nítòsí Dunoon, ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì bàjẹ́. Láàárín 2000 sí 2003, owó lọ́tìrì ìjọba ni wọ́n fi tún un kàn látòkè délẹ̀ ní Great Yarmouth.

Nígbà òtútù, kì í ṣiṣẹ́. Wọ́n ń fa gbogbo omi inú páìpù kúrò, torí omi tó bá dì á fọ́ páìpù. Wọ́n ń ṣí bọ́ílà kí aṣàyẹ̀wò yọjú sínú rẹ̀, wọ́n ń gbé ọkọ̀ sórí ilẹ̀ gbígbẹ, wọ́n sì ń wọn bí irin ìsàlẹ̀ ṣe nípọn tó. Bí ìwé àṣẹ bá jáde, ó di òpin ìgbà ìrúwé kó tún tó gbéra, lórí Clyde, ní àwọn erékùṣù ìwọ̀ oòrùn, ní Bristol Channel àti lórí odò Thames, títí di October.

Bí ẹ bá wọ̀ ọ́, ẹ kọ́kọ́ lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnnì kí ọkọ̀ tó dé èbúté, ẹ fetí sí agogo, ẹ wo bí ọwọ́ ẹnjiníà ṣe ń lọ. Ẹ má gbé aṣọ funfun wọ̀ ọ́, òróró ń ta. Bí gbogbo èrò bá sì rọ́ sí apá kan láti wo èbúté, tí ọ̀gá ọkọ̀ fi ẹ̀rọ gbohùngbohùn ní kí àwọn kan sún sí apá kejì, ẹ tètè sún o: kẹ̀kẹ́ kan ti ń rì jù nìyẹn, èkejì sì ti ń yọ kúrò nínú omi.